Wọn Kì í Dáná Nílé Ọ̀fọ̀

Bí ẹ bá gun òkè dé Roccalupa ní gúúsù Ítálì, Incoronata ni yóò mú yín yí ìlú ká. Kò sẹ́lòmíì. Àwọn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ti lọ sí Torino àti Jámánì, àwọn arúgbó tó kù kò sì lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Yóò fi ṣọ́ọ̀ṣì hàn yín, yóò fi ihò àpáta tí àwọn bàbá ńlá wọn àti ìbaaka wọn jọ ń gbé hàn yín, bí ẹ bá sì ń mí hẹlẹ, yóò fi yín ṣẹ̀sín. Kọ́kọ́rọ́ àwọn ilé tó ti dahoro ló so mọ́ ìbàdí rẹ̀, nítorí òun ni àwọn onílé fi wọ́n sílẹ̀ fún pé kó máa bá àwọn ṣí fèrèsé.

Níwájú ilé Vituccia, aládùúgbò rẹ̀ tí ilé wọn kọjú síra, ló ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àlejò fẹ́ràn jù.

"Nílùú tiwa, béèyàn bá kú, wọn kì í dáná nílé ọ̀fọ̀. Àwọn ará àdúgbò ló ń gbé oúnjẹ wá, ilé kan lónìí, ilé mìíì lọ́la. Consolo la ń pè é. Ilé tí wọn ò bá gbé consolo lọ, a jẹ́ pé olóògbé ò léèyàn nìyẹn."

Vituccia gan-an ló máa ń ṣíwájú nígbà náà, pẹ̀lú ìkòkò omi ẹran adìyẹ àti pásítà wínníwínní, tí yóò fi aṣọ funfun di ìkòkò náà. Ṣùgbọ́n Vituccia ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Torino, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń jẹrà.

Àfi bí Canio, ọkọ Incoronata, ṣe kú. Canio tó jẹ́ pé òun ló ń la igi iná káàkiri ojúlé, tí kì í gbà ju ife wáìnì kan lọ. Àwọn ẹbí ti Torino wá, wọ́n sọkún díẹ̀, wọ́n sì ń wo aago kí àlùfáà tó ṣe tán. Egidio, ọmọ ẹ̀gbọ́n Canio, ti wọ mọ́tò kó tó yọrí síta bá Incoronata sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú o. Ẹ pe àwọn tó ń ta písà nísàlẹ̀ òkè, wọ́n á gbé e wá."

"Egidio, ṣé písà ni wọ́n gbé wá nígbà tí bàbá tìẹ kú?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wa mọ́tò lọ. Ọmọ burúkú.

Màmá Lucrezia, ìyá Canio, jókòó nílé nídìí ààrò tútù. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ dá ṣáṣá.

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?"

"Atẹ́gùn ni, Màmá."

"Wọ́n ń bọ̀. Ọmọ mi ò ṣoore lásán."

Incoronata gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì sí i níwájú. Màmá ti abọ́ náà sẹ́yìn.

"Oúnjẹ inú ilé nìyẹn. Mi ò ní jẹ ẹ́ bí ẹni tí ò léèyàn."

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Omi nìkan ni Màmá ń mu. Ètè rẹ̀ gbẹ, ẹ̀rù sì ba Incoronata pé òun yóò tún sin òkú mìíràn láìpẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni bọ́ọ̀sì àwọn àlejò dé, wọ́n ti fi í sí ètò tipẹ́. Incoronata wé gèlè dúdú, ó sì jáde sí wọn. Nígbà tí wọ́n dé ilé Vituccia, ó fẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó dé fìlà koríko dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi kan sọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé ọ̀fọ̀ fún mi. Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é?"

Lára ògiri tí obìnrin náà fara tì, ìwé tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ láti kéde ikú Canio ṣì tuntun. Incoronata wo orúkọ ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ṣì ń ṣe é," ló wí.

"Ó mà dùn o! Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó mọ aládùúgbò rẹ̀."

Wọ́n ya fọ́tò ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ. Kò sí ọ̀kan tó béèrè ẹni tó ń wọ dúdú fún.

Incoronata jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà, ó sunkún bí ọmọdé. Inú ń bí i sí àwọn tó lọ, inú ń bí i sí Canio pàápàá tó fi òun sílẹ̀ láàárín òkúta. Bó ṣe ń gbọ̀n ni àwọn kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀ ń dún. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ pa adìyẹ kan lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀, ó sì padà wá ṣí ilé Vituccia.

Ìkòkò ṣì wà lórí ìkọ́. Igi iná wà nídìí ààrò, èyí tí Canio là sílẹ̀ kí onílé tó lọ. Òun ló fi dáná. Ó se omi ẹran náà, ó da pásítà sí i, ó wá aṣọ funfun, ó di ìkòkò, ó sì gbé e sọdá. Níwájú ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó dúró, ó sì kàn án.

"Ta nìyẹn?"

"Consolo ni, Màmá. Láti ilé Vituccia."

Irọ́ kọ́. Ojú arúgbó náà tàn.

"Ṣé mi ò sọ? Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Òun náà dà, ṣé kò ní wọlé ni?"

"Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun."

Màmá gba ṣíbí, ó jẹun, omijé ń kán sínú abọ́. Nígbà tó kù díẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

"Ta ló kàn lọ́la?"

Incoronata wo kọ́kọ́rọ́ tó tẹ̀lé ti Vituccia nínú ìdì náà. "Ilé Michelina ni, Màmá."

"Bá mi sọ fún un kó dín iyọ̀ kù. Látọjọ́ tí o ti wọlé wa, Incoronata, iyọ̀ rẹ máa ń pọ̀ jù."

Arúgbó náà na ṣíbí sí Incoronata nínú òkùnkùn ojú rẹ̀. Ó gbà á, ó jókòó tì í nídìí eérú tútù, ó sì jẹ èyí tó kù.