Ìyá Oníyàá Tí Mo Gbé Wálé

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo jí ènìyàn gbé láyé mi. Ojúmọmọ ni, ní téṣàn réluwé Minna, lójú àwọn aláàárù àti sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan tí ó tilẹ̀ bá mi gbé ẹrù lé orí. Ìyá arúgbó ni ẹni tí mo jí gbé, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì wà nígbà tí mo jí i.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ réluwé, a sì ń gbé ní kọ́tásì, yàrá kan àti pálọ̀. Ọmọ Minna ni èmi. Bàbá mi ṣiṣẹ́ réluwé níbẹ̀ títí ó fi kú, ìyá mi sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Hausa ni mo fi ń lálàá nígbà náà. Yorùbá mi kò ju ti ìkíni àti ti ìjà lọ. Ìkìrun ni ìyá ọkọ mi ń gbé, n kò sì rí i rí, nítorí ẹsẹ̀ ń dùn ún nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó, kò lè wá. Fọ́tò rẹ̀ kan wà lára ògiri wa, ṣùgbọ́n ó mira nígbà tí wọ́n ń yà á. Gèlè nìkan ni ènìyàn lè dá mọ̀ níbẹ̀.

Mo bí ọmọkùnrin kan. Èyí tí mo bí ṣáájú rẹ̀ kò lò ju oṣù kan lọ láyé, nítorí náà ojú ni mo fi ń ṣọ́ èyí tọ̀sán tòru. A sọ ọ́ lórúkọ tán ni wọ́n rán ọkọ mi lọ sí téṣàn kékeré kan lápá Zungeru, kí ó lọ di ipò ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá mú. Ọjọ́ kejì tí ó lọ ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọmú. Yóò fi ẹnu kàn án, yóò yí orí kúrò, yóò sunkún. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ. Ọmú mi le bí òkúta. Aládùúgbò kan ní kí n rọ ọ́ lágbo, èkejì ní ẹni tó bá rọ ọ́ lágbo ni yóò pa á, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ọkọ mi ti kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí ó wá bá wa wẹ ọmọ, èsì sì dé lẹ́yìn tí ọkọ mi ti lọ pé ọkọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò bá wá. Mo kúnlẹ̀ ní yàrá, mo sì sọ ti inú mi fún Ọlọ́run láìfi bò. Mo ní Ó ti gba ìyá mi, Ó gba bàbá mi, Ó gba ọmọ mi àkọ́kọ́. Èyí tó kù yìí, n kò fún Un. Mo ní kí Ó fi ìyá kan ránṣẹ́ sí mi kíákíá, kí Ó má sì jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́. N kò ṣàpèjúwe irú ìyá tí mo fẹ́. Àṣìṣe tèmi nìyẹn.

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó kì í dúró lórí ẹsẹ̀ bi ìyá ọkọ rẹ̀ pé ta ni í ṣe. Kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í sì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá ọkọ rẹ̀ tan. Òfin yìí dára púpọ̀ nínú agbo ilé, ṣùgbọ́n ó léwu ní téṣàn. Nígbà tí ọkọ̀ dé, obìnrin àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ láti kíláàsì kẹta. Ó ga, ó wé gèlè funfun, ó ń wò yíká bí ẹni tí ń retí ẹni tí yóò pàdé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ tèmi tọmọ lẹ́yìn mi. Mo ti há ohun tí n óò sọ sórí láti ilé.

Mo ní, “Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ewu ọ̀nà. Bàbá ọmọ kò sí nílé, iṣẹ́ ló gbé wọn lọ. Èmi ni mo wá pàdé yín.”

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ìyá arúgbó Yorùbá kan nínú ọkọ̀ náà tí ọ̀rọ̀ yìí kò lè bá mu. Ó wò mí, ó wo orí ọmọ tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Dìde, ọmọ mi.” Sájẹ́ǹtì ní “Sannu, Hajiya,” ó gbé àpótí ìyá náà lé mi lórí, a sì kọjá lọ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Hajiya yẹn, Alhaja ti àwọn Hausa, ta mí létí, ṣùgbọ́n ní Minna, kò sí arúgbó tí wọn kì í pè bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti wé gèlè funfun.

Nígbà tí a délé, ó béèrè kẹ́tùlù, ó ṣe àlùwàlá, ó sì kírun. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹnu mi là sílẹ̀. Ọkọ mi tí ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ń bá mi wí bí mo bá pẹ́ dé ìsìn, kò fi ọjọ́ kan sọ fún mi pé mùsùlùmí ni ìyá tó bí òun! Inú bí mi sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ í ṣe. Bí ó ti ń kírun lọ́wọ́ ni mo yọ àwòrán Jésù kúrò lára ògiri, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì bẹ Olúwa pé kí Ó má bínú, pé a ní àlejò. Nígbà tí ó sálámà tán, ó wo ibi tí àwòrán náà wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Gbé e padà síbi tí o ti yọ ọ́. Eruku ni yóò bà á jẹ́ níbẹ̀.”

Mo gbé e padà. Ó wo yàrá náà yíká fún ìgbà pípẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ fọ́tò tó mira yẹn, ó dúró. Ó bi mí pé ta nìyí. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, mo rẹ́rìn-ín, mo ní òun náà mà ni. Ó tún un wò, ó súnmọ́ ọn, ó ní, “Mo mà ti darúgbó o.” Ó na ọwọ́, ó sì gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà náà ni ó ti gba ilé lọ́wọ́ mi. Ó lé àwọn aládùúgbò méjì tó ń jà lórí àgbo lọ. Ó ń ri aṣọ bọ omi gbígbóná, ó ń fi tẹ ọmú mi, mo ń ké, ó ń ní kí n ké dáadáa kí Ọlọ́run lè gbọ́. Ó fún omi ọmú sínú abọ́ kékeré, ó ń fi ṣíbí kán an sí ọmọ lẹ́nu ní ìkán kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kán mẹ́wàá, ọmọ lè gbé méjì mì. Ó bọ́ ọmọ sí ìhòòhò, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo ń wò ó, mo ń rò ó nínú ara mi pé bí ọkọ mi bá tilẹ̀ ti purọ́, ìyá rere ló bí i.

Mo ti gbàgbé pé mo ti pe àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n wá kí ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn mọ́kànlá ló wọlé pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́. Ó jókòó sáàárín wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ lápá òsì. Wọ́n kọrin mẹ́ta. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí n óò wò. Olórí ẹgbẹ́, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, sọ pé gẹ́gẹ́ bí àgbà, kí ìyá ọkọ gbàdúrà fún ọmọ náà. Ìyá náà kò janpata. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ní kéú, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń gbé Minna. Kò sí ẹni tí kò mọ irú àdúrà tó ń gbà. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo ọmọ náà, bí ó ti rí pẹlẹbẹ lápá rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ní “Àmín” ni ìyàwó olùkọ́ ìjọ, òun náà tó ti lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà kan rí nítorí pé mo lọ kí aládùúgbò mi lọ́jọ́ Iléyá. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ń ṣe é ní ohùn kan, títí ìyá náà fi fọwọ́ pa ojú.

Ọjọ́ Ajé, ní ìyálẹ̀ta, ọmọ gbá ọmú mú. Kì í ṣe pé ó fi ẹnu kàn án. Ó gbá a mú, ó sì fà á bí ẹni tí a ti fi ìyà jẹ. Mo bú sẹ́kún. Ìyá náà ní kí n má sunkún sí i lórí, pé yóò tutù. Ṣùgbọ́n òun náà kọjú sí ògiri, ó sì pẹ́ kí ó tó yíjú padà.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù dé. Ó wọlé, ó rí àgbà lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ó tó wo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ òun náà. Ó kí i kú ilé, ó kí i kú ìtọ́jú ọmọ. Ìyá náà súre fún un lọ bẹẹrẹ. Ọkọ mi jẹun tán, ó wá bá mi ní ilé ìdáná, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé èwo nínú àwọn ẹbí mi ni màmá yẹn.

Gbogbo ìbínú tí mo ti ń gbé láti ọjọ́ Jímọ̀ ru sókè. Mo ní, “Ẹ ti sẹ́ ẹ̀sìn wọn tán, ẹ tún wá ń sẹ́ àwọn fúnra wọn. Ìyá yín ni.”

Ọkọ mi lọ yọjú lójú fèrèsé. Ó padà wá, ó ní, “Ìyá tèmi kúrú.”

Mo fi ìkúnlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, mo sì bi í léèrè ohun tí ó yẹ kí n ti bi í ní téṣàn. Ó dá mi lóhùn wẹ́rẹ́ pé ará Ìlọrin ni òun, ọmọ òun ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kéú nínú ìlú níbí, òun sì wá kí i. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé èmi ni ìyàwó tuntun tí ó fẹ́ tí òun kò tíì rí. Ó ní nígbà tí òun rí àwòrán Jésù lára ògiri ni òun ti mọ̀ pé òun ṣìnà.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Mo ní ǹ bá ti mú un lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Ohun tí kò jẹ́ kí n sọ nìyẹn,” ó ní. “Wàá mú mi lọ, wàá sì padà wá sínú yàrá yìí ní ìwọ nìkan. Ọmọ mi ti lé lógójì ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí n kò ti fojú kàn án, mo sì mọ̀ pé yóò máa wá mi. Ṣùgbọ́n ó lè dúró dè mí. Tìrẹ ni kò lè dúró.”

Ọkọ mi ni ó kọ́kọ́ rántí pé òun náà ní ìyá, àti pé a kò mọ ibi tó wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri inú ilé, ó ń wọ bàtà sí ẹsẹ̀ òdì. Ìyá náà pọn ọmọ, ó ní kí a kọ́kọ́ mú òun lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun, kí ọmọ náà àti àwọn ọmọ kéú rẹ̀ lè bá wa wá ìyá ọkọ mi.

Kí a tó dé ilé alfa náà ni a ti ń gbọ́ ohùn. Àwọn ọmọ kéú ń ka wàláà, ohùn obìnrin kan sì ń bo tiwọn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi dúró lójú ọ̀nà. Ó ní, “Màmá mi nìyẹn,” ó sì sáré wọlé lọ bá a.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Táyà kẹ̀kẹ́ alfa jò, ó pẹ́ dé téṣàn lọ́jọ́ Jímọ̀, kò rí ìyá rẹ̀. Ìyá arúgbó kúkúrú kan tó jókòó lórí ẹrù, tó ń sunkún, ni ó bá. Ó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sílé rẹ̀. Alfa ti lọ béèrè ọmọ ìyá náà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ réluwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n orúkọ ilé ni ìyá ń pe ọmọ, ìnagijẹ sì ni gbogbo réluwé mọ ọkọ mi sí. Fún ìyá tirẹ̀, ó ti tẹ wáyà sí Kàdúná àti Kánò, bóyá oorun ló gbé e kọjá. Wọ́n ti kéde ní mọ́ṣáláṣí. Ó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì ń tọ́jú ìyá ọkọ mi síbẹ̀síbẹ̀, ó ń ra ẹja fún un nítorí pé ìyá náà ní òun kì í jẹ ẹran ewúrẹ́.

Ó jáde wá sí àgbàlá, ó rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n gbọọrọ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé, àwọn ọmọ kéú rẹ̀ sì dákẹ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọmọ náà sí i létí, ó tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ti há oríṣiríṣi ẹ̀bẹ̀ sórí bí a ti ń bọ̀ lọ́nà. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú alfa, mo ní kí ó dárí jì mí, pé èmi ni mo gbé ìyá rẹ̀ lọ.

Ó fi apá agbádá nu ojú. Ó wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, “Ṣé ó ti ń mu ọmú báyìí?”

Mo ní ó ti ń mu.

Ó ní, “Alhamdulillahi.” Ó sì ní kí wọ́n gbé àga wá fún mi, kí n lè jókòó fún ọmọ lọ́mú.