Fóònù Tó Há Mi Mọ́lé

Títí dòní, bí mo bá rí obìnrin yẹn ní Ìkẹ́nnẹ́, ńṣe ni mo máa ń pòṣé. Òṣìṣẹ́ ìlera ni. Nígbà àrùn Kòrónà, òun ló wá sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, tó fi áàpù sórí fóònù gbogbo wa. Ó ní bí fóònù wa bá sún mọ́ ti ẹni tó ní àrùn náà, áàpù á ta àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lólobó. A pàtẹ́wọ́ fún un. Òmùgọ̀ ni wá.

Kò sí iná ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ kan. Mo gbé fóònù mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáájì fóònù, mo fi í sílẹ̀ látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú fóònù oríṣiríṣi èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà lẹ ìwé pupa mọ́ géètì mi. Ó ní mo wà nítòsí aláìsàn kan fún wákàtí mẹ́jọ, n kò gbọdọ̀ jáde fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Wákàtí mẹ́jọ! Ọkọ mi gan-an, nígbà tó wà láyé, kì í jókòó tì mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé fóònù ló sùn ti fóònù, àní n kò mọ aláìsàn náà rí.

"Áàpù kì í purọ́, mà," ló ń wí ṣáá.

Lọ́jọ́ kẹrin, aládùúgbò ìyá mi pè mí láti Ìjòkú, ní Ṣàgámù. Ìyá mi kò ní fóònù. Obì gbánja ló ń tà, òun àtàwọn ìyá mìíràn a sì máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ṣa obì. Kòrónà ti gbé ọ̀kan nínú wọn dé ọsibítù. Ìyá mi náà ti ń wúkọ́ báyìí. Aládùúgbò gbé fóònù sí i létí.

"Éè ṣe nǹkankan, ọma mi," ló wí, ikọ́ sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi nìkan ló bí. Mo pe òṣìṣẹ́ ìlera, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lọ gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù, tàbí kí wọ́n rán ẹnìkan lọ wò ó.

"Orúkọ màmá yín kò sí nínú áàpù, mà. Kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n."

Wọ́n fi ibi tó ń yún sílẹ̀, wọ́n ń họ ibi tí kò yún. Ṣàgámù kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́ bí èèyàn bá wọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ bàtà. Mo rántí bí àwọn ará àdúgbò á ṣe máa nàka sí mi, tíṣà tó ń gbé àrùn kiri, mo sì tún bọ́ ọ.

Ìyá mi kú lọ́jọ́ kẹsàn-án. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí wọ́n ṣe ń sin Mùsùlùmí.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, fóònù dún: mo ti lè máa jáde. Mo fìbínú fa ìwé pupa náà ya, mo fọwọ́ kan géètì. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Kò sígbà kankan tí ẹnikẹ́ni fi àgádágodo sí i.