Ọkùnrin tí Kò Fẹ́ Ṣubú Mọ́

Ọdún mọ́kànlá ni Orville Tackett fi ń ṣubú fún Dwight Lasalle. Nínú gbogbo fíìmù tí wọ́n jọ ṣe ní Hollywood, Orville ni olè màlúù, Lasalle ni akọni orí ẹṣin tí yóò kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Gbogbo àwa tí à ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ̀ṣẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n kọjá, ẹni tí kò bà yóò sì fò ṣubú bí ẹni tó bà.

Ṣùgbọ́n ti Lasalle máa ń bà á. Kò sí ohun tó fà á ju ìwà ìkà lọ. Eyín méjì ti lọ, ní oṣù kẹta ọdún 1938, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e.

Lasalle rẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ọwọ́ ló yọ̀."

Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Ẹni tó ń kun ojú fún wọn pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Akáyín.

Verna ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀dùnkún títẹ̀ síwájú rẹ̀, inú ń bí i. "Tó o bá tún ṣubú fún ọmọ yẹn, má wá sọ fún mi pé ẹnu ń dùn ẹ́."

"Mi ò ní ṣubú fún un mọ́."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀ṣẹ́ dé. Orville dúró. Wọ́n tún un ṣe, ó tún dúró.

Pruett, olùdarí fíìmù, jágbe mọ́ ọn. "Tackett, ṣé o ò rí i pé wọ́n ti kàn ẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ni?"

"Mo rí i, ọ̀gá. Ẹni tó ń kàn mí lóòótọ́, kó gbé mi ṣubú lóòótọ́."

Lasalle fi gbogbo agbára ju ẹ̀ṣẹ́ kẹta. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló dì mú, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi dídì. Àwọn káfíńtà kọjú sí ògiri kí ẹ̀rín wọn má baà hàn.

"Bọ́ ẹ̀wù yẹn sílẹ̀," ni Pruett wí, "kó o máa bá tìẹ lọ."

Láti ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ fíìmù kankan ò pè é mọ́. Kò dùn ún tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ó ṣáà mọ̀ pé òun ò ṣubú.

Ní oṣù kẹwàá, fíìmù náà dé sinimá àdúgbò wọn. Orville de táì, òun àti Verna lọ jókòó. Ẹ̀ṣẹ́ dé, ojú Orville gan-an ló bà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ẹ̀yìn ọkùnrin mìíràn tó wọ ẹ̀wù Orville, tó dé fìlà rẹ̀, tó fò kọjá orí tábìlì, tó fọ́ àga méjì, tó sì nà gbalaja. Gbogbo sinimá pàtẹ́wọ́.

Verna di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìwọ kọ́ nìyẹn."

Obìnrin kan níwájú wọn bojú wẹ̀yìn, ó wo Orville dáadáa, ó fi ìgbúnwọ́ gún ọkọ rẹ̀.

"Òun rèé o. Ẹni tí wọ́n gbé ṣubú."