Ìsọ̀ Ìyá Mi àti Òfin Sìgá

Ìyá mi ń ta iyọ̀ àti irú nínú ọjà wa lọ́nà Ṣakí, ikọ́ fée sì ń bá a jà. Abẹ́ páànù kan náà ni àwọn àgbẹ̀ tábà máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ń dúró de ọkọ̀ tí ń wá ra ewé, wọn á sì máa fa sìgá títí di ìrọ̀lẹ́. Bí èéfín bá ti pọ̀, ìyá mi á di àyà mú, á máa wá èémí.

Lọ́dún tí àwọn ṣójà ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀, bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ìlú: kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá lábẹ́ páànù ọjà mọ́. Àgbẹ̀ tábà ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í mu ún. Ó ti kọ́kọ́ bá àwọn àgbẹ̀ yòókù nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ní, "Ẹ̀yìn yín la wà, Alájì." Àṣé ọ̀rọ̀ ojú-ayé lásán ni.

Níwájú Baálẹ̀, olórí àwọn àgbẹ̀ tábà dìde. "Alájì, èrò yín dáa. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń ra ewé bá gbọ́ pé a fòfin de sìgá, ta ni yóò ra tiwa?"

Kálukú ń ro ti oko rẹ̀. Baálẹ̀ ní kí ẹni tó bá fara mọ́ òfin lọ sídìí igi igbá, kí àwọn yòókù lọ sára ògiri. Bàbá mi rìn lọ sídìí igi. Àwọn arúgbó méjì tí kò dáko mọ́ tẹ̀ lé e. Tíṣà tuntun ni mí nígbà náà, ọdún yẹn ni mo sì kọ́kọ́ dá oko tábà tèmi, kí n lè rówó gbéyàwó. Ara ògiri ni mo dúró sí. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ n kò kúrò níbẹ̀.

Bàbá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí à ń lọ sílé, ó bi mí bóyá ewé mi ti ń pọ́n. Ìròyìn ti ṣáájú wa délé. Ìyá mi gbé oúnjẹ síwájú mi. "Jẹun, ọkọ mi," ló wí. "Ewé tìrẹ náà á tà."

Nígbà tí ọyẹ́ mú, a dúró de ọkọ̀ lọ́jọ́ kan títí, kò dé, sìgá sì pọ̀ lọ́jọ́ náà. Abẹ́ páànù yẹn ni èémí ti tán nínú ìyá mi. Ewé tèmi wà lára ẹrù tí à ń ṣọ́.

Kí a tó ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ, Baálẹ̀ ti fòfin de sìgá nínú ọjà. Kò sẹ́ni tó pèpàdé, kò sì sẹ́ni tó takò ó. Inú wọn ṣì ń bí mi títí dòní, ti ara mi ló sì pọ̀ jù. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ òfin náà, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára pákó: MÁ MU SÌGÁ NÍBÍ. Òpó ìsọ̀ ìyá mi ni wọ́n kàn án mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ dé. Ẹsẹ̀ òpó yẹn ni àwọn tó ń ra ewé ti wọn tèmi. Wọ́n ní ó dáa gan-an.