Asẹ́ Omi Tí Alájì Gbé Bọ̀ Láti Abijan

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa pa òwe náà lọ, èmi kì í bá wọn dá sí i mọ́. Kànga ilé ọkọ mi ní Èjìgbò ni mo fi mọ̀ pé omi a máa lọ́tàá, pé ọ̀tá náà a sì máa dáhùn ìkíni ẹni láàárọ̀, a sì tún máa bèèrè àlàáfíà ọmọ.

Nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé náà ní ìyàwó, omi kànga yẹn dára. Bàbá ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó kú. Omi náà mọ́, ó tutù, àwọn ará àdúgbò a sì máa wá fà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kíláàsì kẹrin ni wọ́n fún mi. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ife omi kan ni mo máa ń kọ́kọ́ mu kí n tó bọ́ bàtà.

Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi obìnrin ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti Abijan dé. Náírà ti ń wọ́lẹ̀ nígbà náà, owó sẹ́fà ti Abijan ló kù tó lórúkọ, ẹni tó bá sì ti ọ̀hún bọ̀, olówó ni nílé. Alájì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n rán ọkọ mi níwèé lẹ́yìn ikú bàbá wọn, àwọn náà ni wọ́n san owó ìdána mi. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ì bá sàn kí wọ́n jẹ́ ìkà, ẹnu wa ì bá tètè là.

Alájì kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Inú ilé ni wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí, irú èyí tí à ń fi omi ṣàn, tí àwọn ènìyàn ń wá wò nígbà yẹn. Àwọn bíríkìlà wá gbẹ́ kòtò jíjìn tí gbogbo rẹ̀ yóò máa ṣàn lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́kàwéè, sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ẹ̀yìnkùlé tiwọn ni ẹ̀gbẹ́ kànga tiwa. Mo fi ẹsẹ̀ wọn àárín kòtò náà sí kànga lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹnìkan nílé. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni, èmi kò sì ga.

Kíláàsì kẹrin gan-an ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó omi. Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ́ sójú pátákó pé kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣáláńgá. Màá bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, wọ́n á sì dá mi lóhùn dáadáa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn, màá ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, màá lọ sílé lọ fa omi.

Òjò ọdún kejì ni omi náà yí padà. Ó pọ́n díẹ̀, ó sì ní òórùn kan tí kì í ṣe ti ewé tàbí ti ẹrọ̀fọ̀. Àwa àgbà ń rójú mu ún, inú a kàn máa dà wá rú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi ni kò lè gbà á. Bó bá yàgbẹ́ gbuuru lónìí tó sinmi lọ́la, ó tún di ọ̀tunla. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ fúnra wọn. Nọ́ọ̀sì tó máa ń tọ́jú rẹ̀ wò ó, ó wo èmi náà, ó ní, "Màmá, omi wo lẹ ń mu nílé?"

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kòtò Alájì ló ń yọ́ wọ inú kànga wa."

Kò bínú. Ó ní, "Ẹnu ta ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ? Ẹnu tèmi tí wọ́n bọ́, àbí ẹnu tìẹ tí wọ́n san owó ìdána lé lórí?"

Mo ní kí a gbẹ́ kànga mìíràn sí iwájú ilé. Ó ní bí a bá gbẹ́ ẹ, kí la ó sọ pé ó ṣe ti àkọ́kọ́? Mo wá rí i pé kànga tuntun pàápàá, ọ̀rọ̀ ni, Alájì á sì gbọ́ ọ. Ọkọ mi ní, "Jẹ́ ká wá nǹkan ṣe sí omi náà." Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan asẹ́ nìyẹn.

Álọ́ọ̀mù la kọ́kọ́ lò. A óò rò ó mọ́ omi nínú àmù, ìdọ̀tí á sì wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Òkè rẹ̀ á mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń kan ẹnu, ọmọ mi sì ń pọ̀ ọ́. A lo aṣọ funfun tí a ṣẹ́ po lọ́nà mẹ́rin, tí a dè mọ́ ẹnu àmù. Lójoojúmọ́ ni mò ń fọ aṣọ náà, òórùn náà kò sì bá ìdọ̀tí dúró sínú aṣọ. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ mi sọ fún wa pé kí a da òkúta wẹ́wẹ́, èédú àti iyanrìn sínú dúrọ́ọ̀mù, kí omi máa gba àárín wọn kọjá. Ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí odò nígbà mẹ́rin nítorí iyanrìn náà. Ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò ó. Ọkùnrin tí kò lè rin ìṣísẹ̀ mọ́kànlá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sódò.

A ṣì wà lórí dúrọ́ọ̀mù náà nígbà tí Alájì tún ti Abijan dé. Wọ́n gbé páálí ńlá kan wọlé wa. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àgbá irin méjì tó ń dán, ọ̀kan jókòó lórí èkejì, pẹ̀lú ohun funfun méjì nínú ti òkè, tí ó dàbí àbẹ́là tí ó sanra. Ẹ̀rọ kékeré wà nísàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde.

Alájì ní, "Ti ọmọ wa ni. Lọ́hùn-ún, gbogbo ilé ló ní in. Ẹ kàn máa da omi sí òkè, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kán sí ìsàlẹ̀. Ìyàwó, má fi ọṣẹ fọ ohun funfun yẹn o."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi náà kúnlẹ̀, mo ní Ọlọ́run á dá a padà fún wọn. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo mọ́, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé ẹnu wa ti kún. Nígbà tí omi àkọ́kọ́ kán tán, mo bu ife kan, mo gbé e fún Alájì lórí àwo, nítorí omi la fi ń ṣe ẹni lálejò nílé wa.

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán nílé ni, ìyàwó."

Asẹ́ náà jókòó sí pálọ̀ wa lórí tábìlì, mo fi aṣọ tí mo fọwọ́ hun bò ó. Àwọn ènìyàn wá wò ó, wọ́n sì ń kí wa kú oríire. Omi rẹ̀ ń dán lójú, ṣùgbọ́n òórùn yẹn ṣì wà nídìí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se ti ọmọ lórí sítóòfù. Ọkọ mi bá mi nídìí rẹ̀, ó ní, "Ṣé asẹ́ Alájì ni kò tó ni? Bí wọ́n bá wọlé bá ọ ńkọ́?" Láti ọjọ́ náà, ó di pé mo ń jí omi sè. Kò sì sí bí mo ṣe lè ṣọ́ ọmọ tó ń rìn, tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré nídìí kànga, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́.

Ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, kò lè sunkún mọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn fa omi sí i lára, ó sì pè mí sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yìí kúrò nídìí omi yẹn, Màmá. N kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá mi wá láti Ìsúndúnrìn, wọ́n sì pọ̀n ọ́n lọ. Láàárín oṣù kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Mo mú un wálé fún Iléyá, ọjọ́ kẹta ni inú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe di ọmọ ìyá mi nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ wò ó. Ó ń pe ìyá mi ní Màmá, ó ń pe èmi ní Àǹtí. Ìyá mi máa ń bá a wí nítorí rẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mo sì ń sunkún nínú mọ́tò títí mo fi ń délé.

Ọ̀nà náà ni mo wà lọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kan fi sọ sí mi lọ́kàn. Ta ló sọ fún Alájì pé omi wa ti bàjẹ́? Ọkọ mi kò sọ. Èmi kò sọ. Kí ló dé tí wọ́n fi ra asẹ́? Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá wọlé wa, màá gbé omi fún wọn. Wọ́n á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán nílé. Bó bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé tàbí Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ní àwọn gbààwẹ̀. Ilé wọn ní táǹkì tó ń gba omi òjò láti orí páànù. Wọn kò mu ife omi kan ṣoṣo láti inú asẹ́ tí wọ́n rà fún ọmọ mi, kí n má pa irọ́ mọ́ wọn. Mo bínú sí wọn. Mo bínú sí ọkọ mi jù wọ́n lọ. Ara mi ni mo sì bínú sí jù, nítorí èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mọ́kànlá, tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi kó máa lọ síléèwé ní Èjìgbò. Mo ti ń kó owó jọ fún un, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì. Òun àti ìyá mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Alájì wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ọkọ mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí gbogbo wa bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Mo bu omi sí ife tó dára jù nílé, mo gbé e fún un lórí àwo.

Ó wo ife náà. Ó wo ìyá mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán nílé ni."

N kò mọ bí mo ṣe yí padà. Mo kàn rí i pé mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Alájì, tí mo na àwo náà sí wọn. Mo ní, "Alájì, ẹ bá a mu ún."

Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀..."

Mo ní, "Asẹ́ yín ló sẹ́ ẹ, Alájì. Ẹ mu ún kó rí yín."

Ọkọ mi pariwo orúkọ mi. N kò dìde. Alájì gba ife náà, wọ́n dì í mú. Wọ́n gbé e títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ẹnu wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì, ó kún bó ṣe wà, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n jáde.

Ọmọ mi yí sí ìyá mi. Ó rọra bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ilé ni bàbá yẹn náà ti mu omi wá ni?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mọ ohun tó wà nínú tiwa." Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ìgbà tí ọmọ mi kò tíì fọhùn, gbogbo rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kò gbà ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá mi kò jẹ́ kí wọ́n tú ẹrù ọmọ. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìlú Ara náà, lẹ́bàá Ìsúndúnrìn, n kò sì lè jiyàn. Mo sìn wọ́n dé ibi mọ́tò. Nígbà tí ó jókòó tán, ó yọ orí sí ìta, ó juwọ́ sí mi.

Ó ní, "Ó dàbọ̀, Àǹtí."