Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Mi Dìde Lórí Àga

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi dé ọ́fíìsì wa ní Ìbarà. Ọ̀gá mi, Alhaja, ti jókòó sínú mọ́tò. Ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìní fún ìjọba, orí àga ni wọ́n ti ń bójú tó iṣẹ́ mi: màá lọ, màá bọ̀, màá jábọ̀, wọ́n á ní kò tó.

Ọ̀rọ̀ Sìdí, ọmọbìnrin kékeré kan lábúlé, ló gbé wa jáde. Ìyá tó bí i ti kú, ìyá rẹ̀ àgbà ló ń tọ́ ọ, ojú màmá náà sì ti fọ́. Alhaja ní afọ́jú ò lè tọ́ ọmọ, ká gbé e lọ sílé ọmọ aláìlóbìí. Èmi ní màmá lè tọ́ ọ. Ta ló máa gbọ́ tèmi?

A gba Ọbáńtokò kọjá. Kété tí a yà sọ́nà abúlé, ọ̀dà tán, kòtò bẹ̀rẹ̀.

Alhaja ní, "Ṣé ibi tí ò ń gbà nìyí?"

"Ọ̀kadà ni mo máa ń gùn, mà. Tójò bá rọ̀, ẹsẹ̀ ni."

A ra àgbàdo sísè, ọ̀ọ́dúnrún náírà ẹyọ kan. Alhaja ní ó wọ́n ju ti ìlú lọ. Wọ́n jẹ méjì.

Àwọn ará abúlé ti gbọ́ pé ọ̀gá ń bọ̀, wọ́n sì ti kọ́ màmá kó ṣe bí ẹni tó ń ríran. Màmá jáde láìdi ẹnikẹ́ni mú, ó kúnlẹ̀ níwájú dírẹ́bà wa tó wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù.

"Ẹ káàbọ̀ o, Alhaja. Aṣọ yín yìí mà dáa o!"

Dírẹ́bà ní, "Ẹ ṣé, mà."

Mo ní lọ́kàn mi, ó parí.

Alhaja ò rẹ́rìn-ín. Orí Sìdí ni wọ́n ń wò, kolẹ́sẹ̀ tó gún régé.

"Ta ló dirun fún ẹ?"

"Ìyá mi àgbà ni, mà."

Alhaja ní kí dírẹ́bà padà sínú mọ́tò. Wọ́n ṣí híjáàbù, wọ́n jókòó sórí ẹní sáàárín ẹsẹ̀ màmá. "Màmá, ẹ bá mi di tèmi."

Sìdí ń na òòyà sí màmá, màmá ń fọwọ́ tọ́ orí ọ̀gá wò. "Ẹ̀ ń ronú jù. Irun yín ti ń já níwájú." Ó tún dì í díẹ̀, ó dẹtí, ló bá pariwo: "Sìdí! Fi ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀!" Èmi àti Alhaja, olójú mẹ́rin, a ò tíì rí ọ̀bẹ kankan.

Ìdajì orí ni màmá dì tí òjò fi ṣú. Alhaja fi híjáàbù bò ó, a gbéra.

Mo rọra ní, "Sìdí ńkọ́, mà? Ṣé a máa gbé e?"

"Gbé e lọ síbo? Tí a bá padà wá di ìyókù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló máa na òòyà sí màmá?"

Inú mi dùn títí a fi dé Ìbarà.

Nírọ̀lẹ́, mo délé wa ní Igbein. Ọkọ mi bi mí pé kí la lọ ṣe lóko.

Mo ní, "Ọ̀gá mi lọ dirun."

"Ṣé iṣẹ́ ìjọba nìyẹn?"

Mo ní, "Òun gan-an ni."