Ògiri tí Màmá Tíṣà Sẹ́

Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 2024, wọ́n wó ògiri kan ní Bẹ́yẹrúnkà, nílùú Ìbàdàn. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ààbọ̀.

Ẹni tó lè dá wọn dúró ni Bertha Adégòkè, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tíṣà. Kò dá wọn dúró. Mo ń kọ ìtàn ayé rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí pé àwọn tí yóò kọ ọ́ fún ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ yóò fo ibi tó ṣe pàtàkì.

Wọ́n bí i ní Oníyanrìn. Bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bàbá kú kí ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ gbé báàfù lé e lórí, ó ní kó lọ ṣe alábàárù ní Ọjà'ba lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọdún mélòó kan ló fi ń ru iṣu àti àlùbọ́sà ọlọ́jà lọ sí Mọ́lété. Ẹni tí wọ́n jọ ń rìn ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sìdí. Sìdí ni ìyá mi.

Ìṣòro ẹrù orí kò sí nínú rírù nìkan. Ẹni tó ru àpò iṣu kò lè dá a sọ̀, kò sì lè dá a gbé padà sórí. Àfi kó bẹ ẹni tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ògiri tó ga dé èjìká, yóò fẹ̀yìn tì í, yóò yọ orí lábẹ́ ẹrù, yóò mí, yóò sì tún ki orí bọ̀ ọ́. Ògiri Bẹ́yẹrúnkà, tó ṣẹ́kù nínú ilé kan tó ti wó tipẹ́, ló ń ṣe èyí fún wọn. Bertha ló sọ ọ́ ní Baálé. "Ó ń gbé ẹrù rù wá, kì í sì í béèrè ọbẹ̀," ló wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Orúkọ náà mọ́ ògiri lára. Àwọn alábàárù tí kò mọ Bertha rí ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọ rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ó fẹ́ ọmọ Adégòkè, ìdílé tí wọ́n ti ń kàwé kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn. Kò sọ fún wọn pé òun ru ẹrù rí. Bí ó bá pàdé ìyá mi lọ́nà, a máa kí i bí ìgbà tí èèyàn ń kí oníbàárà. Ìyá mi náà kò tú àṣírí.

Lẹ́yìn tí Bertha ti fẹ̀yìn tì ni ẹgbẹ́ àdúgbò fẹ́ sọ ilẹ̀ iwájú ògiri náà di gbàgede tí onílé àti àlejò yóò lè jókòó sí. Ẹniọlá, ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán ilé, ní òun kò ní fa ìlà kan láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ibẹ̀. Ó tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì lábẹ́ tapólì. Àwọn alábàárù kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Lọ́dọ̀ wa, onílé ni ará àdúgbò. Ẹni tó bá fi ogójì ọdún gba ibẹ̀ kọjá láràárọ̀, èrò ọ̀nà ni.

"Kí ni ẹ kò fẹ́ kí n wó?" Ẹniọlá béèrè.

"Wó gbogbo ẹ̀, ọmọ mi," Alàgbà Obed, alága ẹgbẹ́, dáhùn. "Pàápàá ògiri burúkú yẹn. Ewúrẹ́ nìkan ló mọ ìwúlò ẹ̀."

Àsìkò náà gan-an ni ìyá mi, tó ṣì ń ṣe alábàárù, dé, báàfù tòmátì lórí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó yọ orí.

"Ẹ kú ìpàdé o, ẹ̀yin àgbà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé Baálé mi kúrò nílé o!"

"Ìyá, ṣé ògiri lẹ wá fi ṣe ọkọ?" Alàgbà Obed béèrè.

"Ó sàn ju èyí tí mo fẹ́ lọ, sà! Èyí kì í sùn níta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹniọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Bertha, tó jókòó láàárín wọn. "Màmá Tíṣà, ẹ ti pẹ́ níbí. Ṣé àwọn alábàárù nílò ògiri yìí lóòótọ́, àbí wọ́n lè sọ ẹrù sórí bẹ́ńṣì?"

Ìyá mi ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bertha mọ ìdáhùn. Ó sì mọ ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e: báwo lẹ ṣe mọ̀?

"Bẹ́ńṣì á gbà á," ló wí. "Ògiri lásán ni."

Alábàárù kì í bá Tíṣà jiyàn ní gbangba. Ìyá mi ki orí bọ abẹ́ ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Gbàgede náà dára, mi ò parọ́. Igi wà, ìbòòji wà, bẹ́ńṣì wà tó ga dé orúnkún. Ní àárọ̀ ọjọ́ òjò kan, ìyá mi dé ibẹ̀ pẹ̀lú iṣu lórí, kò sì rí ẹnì kankan. Ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè sọ̀ ọ́ sórí bẹ́ńṣì. Ẹrù yẹ̀, ó fa ọrùn rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè di ife mú.

Bertha wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá mi, ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Sìdí, èmi ni mo ṣe ọ́ báyìí."

"Dìde, jàre. Bí orúnkún ẹ bá há síbẹ̀, ta ló máa gbé ọ? Èmi ò lè gbé nǹkan mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún. Ìyá mi dárí jì í. Èmi kò dárí jì í. Mo ní, "Màmá, ibi tí ẹ ti sẹ́ ẹ ni kí ẹ ti lọ jẹ́wọ́ ẹ̀."

Ó lọ. Ẹgbẹ́ tún pe ìpàdé, sìmẹ́ńtì díẹ̀ sì ṣẹ́kù. Ó dìde, ó ní kí wọ́n tún ògiri náà mọ, pé bẹ́ńṣì kò gba ẹrù.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ó máa gbà á," Ẹniọlá wí. "Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ báyìí?"

Àbúrò ọkọ Bertha jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bertha wò ó. Bertha sọ ojú ara rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn ni."

"Àgbọ́sọ," Alàgbà Obed wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná." Ìdí òpó iná ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì náà mọ.

Láti ìgbà náà, láràárọ̀ ni Bertha ń dúró ní gbàgede náà, gèlè rẹ̀ bo ojú dé ìpéǹpéjú, tó ń bá àwọn alábàárù sọ ẹrù, tó ń gbé e padà rù wọ́n. Kì í jókòó sórí bẹ́ńṣì. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Alàgbà Obed ní kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún ìyá aláàánú. Bertha bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá ń dùn ún, kì í lè wá. Ẹni tó bá sì dé lọ́jọ́ náà yóò dúró pẹ̀lú ẹrù lórí. Èèyàn kì í ṣe ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, àánú rẹ̀ lè máa ṣe yín. Ẹ fi àánú sílẹ̀. Ohun kan wà tí ẹ mọ̀ nípa àdúgbò yín, tí ojú ń tì yín láti sọ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ dìde, ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì béèrè bí ẹ ṣe mọ̀, ẹ dá wọn lóhùn.